Bàbá Rẹ Ń Wá Ọ Lẹ́yìn Fóònù

Ràódàt ọmọ mi,

Asalaamu alaikun. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Ṣikágò kò tíì wọ̀ ọ́ léegun? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ àjèjì gbé ọ mì. Ara tèmi le, ẹsẹ̀ nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ewúrẹ́ wa sì ti bí ìbejì.

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́, pé ò ń kọ́ èdè Japáànù nínú ọkọ̀ ojú irin láti ilé rẹ dé ibi iṣẹ́ ní Evanston, torí pé ìyá àgbà ará Japáànù tó ò ń tọ́jú ní ọsibítù ti gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì pátá. O ṣeun, ọmọ mi. O ní àwọn ará Japáànù kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ìmọ̀: ṣiru ni kéèyàn mọ nǹkan, wakaru ni kó yé e, kisuku ni kó ṣàdédé fura, oboeru ni kó fi sọ́kàn, iṣiki sì ni kí ọkàn rẹ̀ wà lójúfò. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà mọ́sálásí. Mo wá fẹ́ bi ọ́, èwo ni ti bàbá rẹ?

Torí ní Jímọ̀ tó kọjá tó o pè wá tí a ń rí ojú ara wa, bó o ṣe rí bàbá rẹ lo kúnlẹ̀ kí i, bí ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bó o ṣe kúnlẹ̀ lo pòórá, ògiri nìkan la rí. Bàbá rẹ gbé fóònù, ó yí i padà, ó ń wá ọ lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà bọ́ aṣọ ọ̀rá ara fóònù, bóyá ibẹ̀ lo há sí. Kó o tó dìde, bàbá rẹ ti jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ń lọ pàdé ọmọbìnrin tó kí òun. Mo ní kí lorúkọ rẹ̀? Ó ní òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ òun ni. Ó jókòó síbẹ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Mo sunkún, n kò jẹ́ kó rí mi. Àárò rẹ ń sọ mí, Ràódàt, ọdún keje rèé.

Má fowó oṣù yìí ránṣẹ́, fi kún owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kó o kọ fọ́ọ̀mù ìsinmi, sọ fún un pé ìyá rẹ ti fọwọ́ sí i. Mo ti fi tàdáwà tẹ ìka mi sísàlẹ̀ lẹ́tà yìí, bí a ti ń ṣe níbi ìdìbò, kó gé e, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ọlọ́run yóò rán ẹlòmíràn sí ìyá ará Japáànù náà, yóò sì ṣọ́ ọ lójú ọ̀run dé ilé.

Ọmọ mi, tètè máa bọ̀, nígbà tí bàbá rẹ ṣì mọ̀ pé òun bímọ.

Èmi ìyá rẹ,
Sìmíátù