Àwòrán Tí Mo Fi Wáṣẹ́

Àǹtí mi Mei-zhu,

Ẹ kú òtútù Vancouver o. Mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Orúnkún Bàbá àgbà ti fúyẹ́, àwọn fúnra wọn ló ń lọ ra ẹja báyìí. Màmá ní ẹ ṣé fún oògùn.

Àǹtí, mo ríṣẹ́ olùkọ́ náà, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Nígbà tí mò ń to fáìlì iṣẹ́ tí mo máa gbé lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo mú àwòrán tí Jia-rong, ọmọ kíláàsì tí mo ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, fọwọ́ ara rẹ̀ yà, láìtọrọ. Bàbá rẹ̀ tó ń pẹja lójú òkun ni ọmọ náà yà á fún. Ó wá a títí, ó sunkún, mo dákẹ́. Bàbá rẹ̀ dé, ó tún padà sójú òkun, ọmọ ò rí nǹkan kan fún un.

Ọ̀gá ilé ìwé tuntun náà tẹjú mọ́ àwòrán ọ̀hún. "Ìwọ lo kọ́ ọmọ yìí? O mọṣẹ́ o!"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Lánàá ni mo dá a padà. Jia-rong dì mọ́ mi: "Tíṣà, ẹ bá mi rí i! Ẹ ṣé gan-an!"

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́."

Olùkọ́ lẹ̀yin náà, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa sọ fún Jia-rong pé èmi ni mo mú un? Kí àárẹ̀ má ṣe yín. Ẹ má sọ fún Màmá.

Èmi ọmọ yín,
Wan-ling