Bàbá Rẹ Ti Wà ní Ipele Kejì

Ọmọ mi àtàtà, ṣé ara le? Ṣé àwọn ará ilé rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Àwa náà ṣì wà, ìwọ̀nba ni.

Ọ̀rọ̀ ikọ́ bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ, jọ̀ọ́, jókòó kà á. O mọ̀ pé ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, a sì ń sọ pé eruku pákó ni, àbí gbẹ́nàgbẹ́nà wo ni kì í wúkọ́? Àfi ọjọ́ tí mo ń fọ áńkáṣífù wọn tí mo rí ẹ̀jẹ̀. Ni mo bá wọ́ wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n ya fọ́tò inú àyà wọn, wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Mo ní kí wọ́n fún wa ní fọ́tò yẹn ká gbé e kọ́ sí pálọ̀, torí bàbá rẹ fajú ro nínú ti ìgbéyàwó wa, èyí kò tilẹ̀ ní ojú.

Dókítà obìnrin kan tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ ló pè wá jókòó, ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Bàbá rẹ ní irọ́ ni, àwọn kò fẹnu kan sìgá rí. Ó ní lóòótọ́ sìgá ló ń fà á jù, ṣùgbọ́n ó ń mú ẹni tí kò mu ún náà. Ó ní oríṣi méjì ló wà, èyí tí hóró rẹ̀ kéré, àti èyí tí hóró rẹ̀ kò kéré, èyí tí kò kéré yìí ló wà lára bàbá rẹ. Àyà mi já. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ bá wa pààrọ̀ rẹ̀ sí kékeré. Ó ní rárá, màmá, kékeré yẹn ló ń sáré jù, ó sì burú jù. Ìwọ tí o kàwé, báwo nìyẹn ṣe jẹ́? Bàbá rẹ ló ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ, ó wá fẹ́ yé mi díẹ̀.

Dókítà tún ní ipele mẹ́rin ni àìsàn náà ní, bàbá rẹ wà ní ìkejì. Inú bàbá rẹ dùn, wọ́n béèrè ìgbà tí àwọn máa dé ìkẹrin, pé àwọn fo kíláàsì kan rí nílé ìwé. Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní a kò gbàdúrà ẹ̀. Ní ìkíní, ojú kan ló jókòó sí nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní ìkejì, ó ti ràn mọ́ àwọn kókó tó wà nítòsí ẹ̀. Ní ìkẹta, ó ti wọ àárín àyà. Ní ìkẹrin, ó ti rìnrìn àjò dé eegun tàbí ọpọlọ. Ó ní ní ìkejì, àwọn ṣì lè gé e kúrò, káwọn sì fi oògùn tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kì í dúró deni.

A délé, bàbá rẹ ní àwọn ò ráyè iṣẹ́ abẹ, ilẹ̀kùn mẹ́ta ṣì kù táwọn máa kàn fún oníbàárà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ sínú kọ́mú. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń wá a kiri ilé. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n wá bá mi ní kíṣìnnì, wọ́n béèrè bóyá ó máa ń dunni tí wọ́n bá la àyà èèyàn. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n sunkún. Mi ò rí omijé bàbá rẹ rí. Wọ́n ní ká máa lọ sí ọsibítù.

Ní ọsibítù, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní ká kọ ẹni tó sún mọ́ bàbá rẹ jù. Mo kọ bábà tó ń gẹrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa, torí ògiri kan ló là wá láàárín. Nọ́ọ̀sì fagi lé e, ó ní ọmọ ńkọ́. Mo kọ orúkọ rẹ.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ. Fi owó oògùn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi sórí fóònù mi o, ojú ẹ̀ ti sán, kí owó má lọ jò dànù. Orí ti bábà ni kó o fi sí. Tí owó kò bá sí, ìwọ ni kó o wá. Bàbá rẹ ní kí n má sọ fún ọ, pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Mo ti sọ ọ́.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ̀ tí kò ní bàjẹ́ lọ́nà. Wàá bá wa láyọ̀. Wàá bá wa ní méjèèjì.

Èmi ni ìyá rẹ.