Fọ́ọ̀mù Ìgbàlà Tí N Kò Tíì Tẹ̀ka Sí

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ. Aránṣọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ni ó ń bá mi kọ ọ́, orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni ó tẹ́ ìwé lé, ó ní àdúrà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Mo ní kí ó kọ ọ́ pé o kò ní rí ibi, ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere. Ó ní ṣé ó tán. Mo ní ìyá rẹ ni ó mọ àdúrà gbà nínú ilé yìí, ohun tí ó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu nìyẹn.

Àwọn adìẹ ìyá rẹ ti kú tán. N kò pa wọ́n, mo ń gbàgbé láti fún wọn lómi ni. Òrùlé yàrá ń jò, ẹ̀gbẹ́ tí ìyá rẹ máa ń sùn sí ni ó ń jò sí, èmi kì í sì í sún síbẹ̀, nítorí náà kò tíì dí mi lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ òrùlé kọ́ ni mo fi ń kọ̀wé. Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyá rẹ máa ń dúró lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ gbọ́ orin, tí kò wọlé rí, mú fọ́ọ̀mù kan wá fún mi. Ó ní bí mo bá tẹ̀ka sí i, wọn yóò ṣe ìrìbọmi fún mi, n ó sì di ẹni ìgbàlà. Fọ́ọ̀mù náà béèrè nọ́ńbà fóònù. Mo fi sí i, láti ọjọ́ náà n kò sì pa fóònù mọ́, torí Pásítọ̀ ní Olúwa lè pe ènìyàn nígbàkigbà. Obìnrin kan pè lọ́jọ́ Ẹtì, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní kí n tẹ ení. Mo tẹ ení. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Aránṣọ ní orin ni ó tà fún mi, èyí tí ẹni tó bá pè mí yóò máa gbọ́. Ìwọ nìkan ni yóò gbọ́ ọ nìyẹn, kò sí ẹlòmíràn tí ń pè.

Wọ́n tún béèrè ọjọ́ tí a gbà mí là. Ìyẹn kò ṣòro. Mo ní kí aránṣọ kọ ọ́ pé ọjọ́ tí kànga ya lù mí ni. O kò lè rántí, ẹ̀yìn ìyá rẹ ni o wà. Kànga náà jìn tó ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n gun èjìká ara wọn, iyanrìn sì dé àyà mi. Àwọn tí a jọ ń gbẹ́ ẹ sá lọ wá ènìyàn, ìyá rẹ nìkan ni ó kù lẹ́nu kànga. Ó so okùn mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó jù ú sí mi, ó ń fà á kí iyanrìn má baà bò mí lẹ́nu, ìwọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, òun ń bú mi pé bí mo bá kú òun kò ní dárí jì mí. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó yọ mí. Okùn náà ti ge é ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ọwọ́ náà kò sì pa dé dáadáa mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí Pásítọ̀ ka á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ti ara nìyẹn, ti ọkàn ni à ń wí. Mo ní kí ó wá ṣàlàyé ti ọkàn kí n mọ ìyàtọ̀. Ó jókòó, ó ní ẹnì kan wà nínú ọ̀gbun, kò lè fi agbára ara rẹ̀ jáde, ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ wá, kò sá, ó jẹ ìyà tí kì í ṣe tirẹ̀, ó fà á jáde, àpá rẹ̀ sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí dòní. Mo ní Pásítọ̀, ohun tí mo ní kí aránṣọ kọ náà nìyẹn. Aránṣọ dojú bo aṣọ tí ó ń rán.

N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ mi. Ẹni tó ti wà nísàlẹ̀ kànga rí mọ̀ pé kò sí ẹni tí ń fa ara rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá ní Jésù ni ó di okùn mú, n kò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo béèrè ni pé ìyá rẹ ńkọ́. Ọjọ́ kẹjọ tí àìsàn ti mú ohùn rẹ̀ lọ ni Pásítọ̀ tó wá bi í bóyá ó gba Jésù, ó ní kí ó fi orí dáhùn. Orí kò mì. Ojú mi ni ó ń wò. Pásítọ̀ ní òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ Ọlọ́run ni a fi í sí. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu kànga rí. Ìgbà tí wọ́n bá ti ń sọ ọ́, wọ́n ti ká okùn.

Mo bi í pé bí mo bá gòkè tí n kò bá a níbẹ̀ ńkọ́. Ó ní níbẹ̀, a kì í sunkún mọ́. Mo ní èyí gan-an ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Ìwọ nìkan ni o lè ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tí ó ku ọ̀la tí ohùn rẹ̀ yóò lọ, ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí fóònù, ó sì lé mi síta. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà tí ó ń mi orí, n kò mọ̀ bóyá ti bẹ́ẹ̀ ni tàbí ti bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo gbé fóònù lọ bá ẹni tí ń tún un ṣe kí ó yọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó ní fóònù kì í tọ́jú ọ̀rọ̀. Ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní fóònù ti kún. Mo ní bí ó bá kún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó kún un, kí ó rọra dà á jáde kí n gbọ́. Ó wò mí títí, kò gbowó lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, kí ni ó sọ fún ọ. Bí ó bá ní òun gbà, jẹ́ kí n mọ̀, n ó tẹ̀ka lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ ilé lásán ni ẹ sọ, má fi irọ́ tù mí nínú. N ó dá fọ́ọ̀mù padà, kí wọ́n fi mí sí ibi tí wọ́n bá fi òun sí. Ó lè sá lẹ́nu kànga lọ́jọ́ náà, kò sá.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ti òrùlé, àti ti aṣọ funfun, bóyá n ó lò ó. Má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ wọn ní kí n tẹ àtàǹpàkò, mo tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní èmi kọ́. Okùn ti jẹ ìlà ìka mi tán. Akọ̀wé ní kí n lọ mú ẹni tí ó lè jẹ́rìí pé èmi ni èmi wá. Mo ní ó ti kú.

Kí ilé má ya lù ọ́. Kí o má já sí kòtò tí kò ní ẹnìkan lẹ́nu rẹ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ sin ọ́, kí o má sin ọ̀kankan nínú wọn. Aránṣọ ní kí n ṣe àmín kí a fi parí rẹ̀. Mo ní kí ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, títí ìwọ yóò fi dáhùn.

Èmi bàbá rẹ.