Mi Ò Jẹun, Mo Kàn Panu Ni

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Ìwé, ẹ kú ọ̀sán o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Àwọn ará ilé ńkọ́? Ṣé — yéè! Apá mi! Nọ́ọ̀sì tó ń gba ẹ̀jẹ̀ wa fún ìwádìí nílé ìwòsàn gún mi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí iṣan. Ẹ̀fọn ni màá máa pè é. Ẹ̀fọn gan-an, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń gúnni.

Ó tún wá ní ẹ̀jẹ̀ náà ò wúlò. "Màmá, a ní kẹ́ ẹ má jẹun." Mi ò jẹun! Mo kàn fi búrẹ́dì panu ni — méjì, pẹ̀lú bọ́tà díẹ̀. Ta ló ń pe ìyẹn lóúnjẹ? Wọ́n rẹ́rìn-ín mi. Kí wọ́n máa rín in. Màá padà lọ lọ́la.

Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Èmi ò mọ̀wé. Ẹnu ni mo ní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Inú òfìfo ni mo gbé lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ẹ̀fọn gún mi. Ìjà parí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Dókítà tó ń ṣe ìwádìí náà pè mí. Dókítà Ọ̀rá, torí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ niṣẹ́ ẹ̀. Ó ní ọ̀rá ò mọ odò wẹ̀. Ọkọ̀ ló máa ń wọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Oríṣiríṣi ọkọ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó burú, a máa da ẹrù ẹ̀ sára ògiri iṣan títí ọ̀nà á fi dí. Tèmi pọ̀ jù. Kì í ṣe oúnjẹ ló fà á — wọ́n bí i mọ́ mi ni.

Ó bi mí: ta ló ṣubú lójijì tó kú nínú ẹbí yín?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì. Ìkankan nínú wọn ò pé àádọ́ta ọdún. Gbogbo èèyàn ní ayé ló ṣe wọ́n. Ọgbọ̀n ọdún la fi ń fojú burúkú wo aládùúgbò wa kan. Ẹ̀jẹ̀ wa ni! Kì í ṣe òun.

Wọ́n ní kí n mú ọmọ wá. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bí: bàbá akọ̀wé mi yìí. Bíríkìlà. Ọdún méjìdínláàádọ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo sọ fún un. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. "Màmá, èmi tí mò ń gbé àpò sìmẹ́ńtì? Àpáta ni mí." Mo ní àwọn ẹ̀gbọ́n mi náà, àpáta ni wọ́n. Ó ní òun ò lọ. Ó dáa. Àpáta. Ta ló bí àpáta?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀la ni wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn fún ìwádìí náà. Mi ò jẹun alẹ́. Ìyàwó Àpáta gbé oúnjẹ wá, mo ní kó gbé e padà. "Màmá, ẹ tiẹ̀ panu." Mi ò panu. Omi nìkan, títí ọmọ mi á fi na apá ẹ̀ sí Ẹ̀fọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo gbé àpótí ìjókòó mi, ó di ibi iṣẹ́ ẹ̀. Mo jókòó ti òkìtì búlọ́ọ̀kù, níwájú àwọn lébìrà. "Màmá, ẹ̀ ń dójú tì mí." Mo ní kójú tì ẹ́ sàn ju kí n sin ẹ́ lọ.

Àwọn lébìrà gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀.

Mo bi í: ṣé o ti jẹun? Ó ní rárá, iṣẹ́ ló kọ́kọ́ kàn. Ṣé o ti panu? Àwọn lébìrà bú sẹ́rìn-ín — ìtàn búrẹ́dì mi ti dé ọ̀dọ̀ wọn! Ó ní rárá. Inú òfìfo rèé, kí lo wá ń dúró dè? Dìde.

Ó bá mi lọ, tòun ti sìmẹ́ńtì lọ́wọ́. Ẹ wá wo Àpáta níwájú abẹ́rẹ́ — ó dijú pinpin bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Èsì dé. Tiẹ̀ ju tèmi lọ.

Àwa méjèèjì jókòó. Dókítà Ọ̀rá ní oògùn tó máa lé ọkọ̀ burúkú yẹn ò tíì dé ọwọ́ àwọn, ṣùgbọ́n èyí tó ń dín àwọn ọkọ̀ yòókù kù wà. Ọ̀nà ọkàn ẹ̀ ò tíì dí. Ẹ gbọ́? Kò tíì dí! Ikú tó gba ẹ̀gbọ́n méjì lọ́wọ́ mi, lọ́tẹ̀ yìí èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀.

Nígbà tá a jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò wojú mi. Ó ní, "Màmá, ọmọbìnrin mi ńkọ́?"

Kí ló dé tí bírò ẹ dúró, akọ̀wé mi? Kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ni. Ọjọ́ Ajé la máa lọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; Dókítà Ọ̀rá ní bí ìwádìí tiẹ̀ ti parí, àwọn á gba tìẹ náà. Màá dì ẹ́ lọ́wọ́ mú. Bàbá ẹ dijú. Ìwọ, lajú ẹ. Má jẹun o. Má panu.

Nu ojú ẹ. Ó yá, kà á fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Kà á sókè — kí bàbá ẹ tó wà nínú yàrá gbọ́ ibi tó ti dijú.