Ohun Tí O Sọ Lójú Oorun

Dókítà mi,

Mo ti gbé àwọn ìbejì lọ síléèwé. Mo ti lọ aṣọ rẹ, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Má bínú pé mo fi ìdáhùn tí o há sórí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò òní rẹ́rìn-ín lánàá. Ńṣe ló dún bíi ti ẹni tó ń kàwé.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni o ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Mo ṣe bí ọ̀kan nínú àwọn tó máa fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, mo rọra bi ọ́ pé, "Dókítà, kí ló dé tó jẹ́ iṣẹ́ kíkun aláìsàn lóorun lẹ fẹ́ kọ́?"

O di ọwọ́ mi mú. O ní, "Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn kó tó sùn, sà. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ títí tó máa fi jí."

Ìyẹn gan-an ni kí o sọ fún wọn láago mẹ́wàá. O sọ ọ́ tán, o padà sùn fọnfọn. Èmi ni oorun dá lójú mi.

Bàbá Ìbejì