Ogójì Lítà Tí Mo Gbàgbé

Tíṣà Kékeré, ọmọ mi,

Rọra wọ ilé ìdáná, ilẹ̀ ń yọ̀. Èmi ni mo fà á. Bàtà funfun rẹ ti rin fún omi, mo ti sá a sóòrùn lẹ́yìnkùlé. Má bínú.

Láàárọ̀, mo ki rọ́bà ẹ̀rọ omi bọ inú àgbá ilé ìdáná. Lítà mẹ́wàá ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan, igba sì ni àgbá ń gbà. Mo ní ogún ìṣẹ́jú nìyẹn, mo bá lọ wẹ̀. Kí n tó jáde, àgbá ti kún àkúnya, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àṣé ogójì lítà àná ṣì wà nísàlẹ̀ àgbá!

Ibẹ̀ ni ohun tí o kọ́ mi lánàá ti yé mi: y = 10x + 40. X ni iye ìṣẹ́jú. Mẹ́wàá ni èyí tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ogójì ti wà ńlẹ̀ kí a tó ṣí ẹ̀rọ. Y ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. O ní, "Mọ́mì, ṣé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn ṣe ni, tí ẹ fi ń fò ó?" Láàárọ̀ yìí, mo tún fò ó.

Lánàá mo búra pé n kò ní ṣe ìdánwò kíláàsì àwa àgbà, pé orí tó gbó báyìí, ìṣirò kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Mo ti lọ ṣe é o. Oúnjẹ wà nínú ìkòkò.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ di gègé mú, èmi náà kì í ṣe àgbá òfìfo.

Ìyá rẹ