Okùn Tó Wà Láàárín Oko Bàbá Ata

Àbámẹ́ta, 24 oṣù Karùn-ún, 2025
Fúnkẹ́ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Èmi ò mọ̀wé. Mo dúpẹ́, òtútù ti lọ. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀ tí wọ́n ń pín fún wa dáko lẹ́yìn ilé gogoro wa ní àdúgbò Jane and Finch, nílùú òyìnbó níbí. Bàbá Ata ti débẹ̀ ṣáájú mi. Pak lorúkọ rẹ̀, ará Korea. Nítorí ata tó ń gbìn ni mo ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ làwa méjèèjì. Òyìnbó wa ò dán mọ́rán, a ṣáà ń gbọ́ra wa yé.

Ajé, 26
Bàbá Ata tún sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Nígbà ogun ilẹ̀ wọn, ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n sá wá sí gúúsù. Ẹ̀gbọ́n kù sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní àríwá. Wọ́n fa ààlà sáàárín. Títí dòní — kò sí lẹ́tà, kò sí fóònù. Ó ní, "Kí ilẹ̀ wa di ọ̀kan kí n tó kú, Mista Dele." Mo ṣe àmín.

Àbámẹ́ta, 31
Wọ́n fún obìnrin kan ní ilẹ̀ tó kángun sí ti Bàbá Ata. Sunhi. Ó sá wá láti àríwá Korea! Mo ní, Bàbá Ata, ará ilé rẹ dé. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó na okùn sáàárín oko wọn, ó fà á le koko.

Àìkú, 1 oṣù Kẹfà
Sunhi tẹ̀ríba kí Bàbá Ata títí. Ó kẹ̀yìn sí i, ó ń ro ata rẹ̀.

Ọjọ́rú, 4
Mo bi Bàbá Ata pé kí ló dé. Ó ní sójà àríwá ló pa bàbá òun. Ta ló mọ ohun tí obìnrin yìí ṣe níbẹ̀? Bí wọn ò bá gbé e kúrò, òun á fi oko sílẹ̀. — Ẹ̀rù bà mí. Ta ni n ó wá máa bá jiyàn? Sunhi náà ní àwọn ará gúúsù ní ṣọ́ọ̀ṣì ń fi ohùn àríwá òun ṣe yẹ̀yẹ́. Èdè kan náà o!
Mo ní, Bàbá Ata, odindi ilẹ̀ lo fẹ́ kó di ọ̀kan, ẹnì kan ṣoṣo ò ṣeé kí. Ó bínú lọ sílé. Fúnkẹ́ ní ọ̀rọ̀ yẹn ti le jù, kí n yọ ọ́. Fúnkẹ́, kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5
Òjò. Bàbá Ata ò wá.

Àbámẹ́ta, 7
Bàbá Ata wá láti kó ọkọ́ rẹ̀ lọ. Nílé wa, bí ẹnì kan bá ń bínú, ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn ló ń báni bẹ̀ ẹ́. Fúnkẹ́ ń pariwo, "Bàbá, orúnkún yín!" Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí i. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jù ú lọ, ó sì mọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn náà, àgbà kì í wólẹ̀ fún àbúrò. Ni òun náà bá kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kanlẹ̀. Sunhi rí i, òun náà forí kanlẹ̀. Àwa mẹ́ta nílẹ̀! Ẹnì kan lójú ọ̀nà ti ń pe áńbúláǹsì.
Sunhi ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún. Bàbá Ata gbórí sókè. Ó ní bí ìyá òun ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Gẹ́lẹ́.

Ajé, 9
Orúnkún mi wú. Mo dúpẹ́. Sunhi ò mọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Ata, ilẹ̀ wọn ò sì tíì di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n okùn ti kúrò láàárín. Bàbá Ata ti fi í so tòmátì mi. Ó ń bá Sunhi wí pé ó gbin kábéèjì sún mọ́ra jù. Obìnrin náà ń fèsì, kò gbà fún un. Fúnkẹ́ ní ṣé ká lọ là wọ́n.
Mo ní fi wọ́n sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀.